Apá Òsì Pápá Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò yẹn ṣe ṣe lọ́jọ́ Sátidé, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ìwé ìròyìn. Kó sáà yọjú wo okùn tí Ìyá Jésì ń sá aṣọ sí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí orúnkún ṣòkòtò bá dúdú, tí ìbọ̀sẹ̀ sì gan bí ẹja gbígbẹ, àwọn ọmọ jà fitafita nìyẹn. Àmọ́ bí aṣọ bá mọ́ tónítóní, ẹ má béèrè ayò: wọ́n lọ kí onílé ni, onílé sì fi góòlù mẹ́rin sìn wọ́n sọ́nà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Jésì ti ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á wẹ̀yìn wò pé ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin ńlá ni, àga méjì ló ń gbà á, òun gan-an ló sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹlòmíì tó ráyè. "Ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ìdí mi," á ní. "Bí a bá jókòó pọ̀, ìjà ni." Ó lè dijú, kó gbé ìbọ̀sẹ̀ kan símú, kó sì sọ ẹni tó ni ín. "Ti aṣọ́lé lèyí. Ẹni tí kì í sáré kì í rùn tó báyìí, àfi tí àyà rẹ̀ bá ń já."

Ilé mọ́kànlá ló wà ní òpópónà tó ń gbé. Wọ́n tò ní ìlà kan ṣoṣo, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ògiri pápá ìṣeré bí ẹni tó fara ti nǹkan sinmi. Ilé Ìyá Jésì ni ìkẹfà, ìkeje ni ti Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aránṣọ ni Abẹ́rẹ́. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ohun méjèèjì ló parapọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ló sì ń pe Ìyá Jésì ní Àgbá, torí ó ní àgbá òfìfo ní í pariwo jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, òun ló ń rán nọ́ńbà sẹ́yìn jésì. Àrùn kan tí kì í dunni ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí iná ṣe ń jẹ etí bébà, títí tí kò fi ku nǹkan kan. Ọdún kẹsàn-án rèé. Síbẹ̀ ó ń rán aṣọ. Ahọ́n ló fi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ìka ló fi ń wo ojú rírán. Kò lo ọ̀pá rí ní òpópónà yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá láti ibùsùn dé ìdí ẹ̀rọ, méjìlélógójì láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹ̀rọ omi. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti yọ gegele, ó mọ ibi tí ajá káfíńtà máa ń sùn sí. Ẹ mú un kọjá igun òpópónà, ó di ọmọ tuntun. Àmọ́ ní òpópónà rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ni àdúgbò.

Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú. Ti Abẹ́rẹ́ kú lórí ibùsùn tó ṣì ń sùn lé. "Tèmi kú lórí ibùsùn ẹlòmíì," Ìyá Jésì á ní, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹ̀yìn àwọ̀n làwọn méjèèjì ń jókòó sí, ibì kan náà láti nǹkan bí ogún ọdún. Bí ojú Abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Jésì ń sọ ẹnu ara rẹ̀ di ojú fún un. Wọ́n ti fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa ṣe é. Bí àwọn bá ti kọjú sí pápá, ọwọ́ òsì ni ilẹ̀ gbalasa tí àwọn oníbíríkì fi sílẹ̀ wà, ọwọ́ ọ̀tún ni ògiri tí ilé wọn kẹ̀yìn sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àwọn ẹlẹ́yìn-àwọ̀n ń sọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn lọ́dọ̀ wọn. Òsì ni bíríkì, ọ̀tún ni ilé, ó parí.

"Òsì! Ẹlẹ́sẹ̀-Wíwọ́ ti gbà á, ó ń bọ̀ lápá òsì, ó ti gé ẹnì kan sílẹ̀!"

"Ó gé e gba ibo?"

"Gba inú. Ó gbé e sí ọ̀tún fún kúkúrú yẹn... kúkúrú wòkè... ó gbá a... yéè! Ó ti fo ògiri!"

"Ó bọ́ síbo?"

"Inú ọpọ́n ọṣẹ mi."

"Kí ló fi gbá a, ìdí?"

"Ká ní ìdí ni, tèmi ni wọn ì bá yá. Ì bá ti wọlé."

Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọlé lóòótọ́, Abẹ́rẹ́ ti máa ń mọ̀ kí pápá tó hó, torí Ìyá Jésì á kọ́kọ́ fa èémí kan, á há a sọ́fun. Abẹ́rẹ́ á ti gbá itan rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ariwo á sọ.

Àfi bí ẹgbẹ́ ṣe gòkè lọ sí líìgì ńlá. Lọ́jọ́ yẹn Ìyá Jésì jó títí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi já bọ́ sí kókósẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ wò kó dijú. Ayọ̀ náà ò pẹ́ rárá. Àwọn aláṣẹ líìgì dé, wọ́n ka àga, wọ́n ní pápá kéré. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ló ń gbà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòfin wí. Títí wọ́n á fi fẹ̀ ẹ́ lójú, ìlú kan tó jìnnà tó wákàtí mẹ́ta ni ẹgbẹ́ á ti máa gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé rẹ̀.

Ìyá Jésì ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù wọkọ̀ lọ, torí aṣọ ò lè dá lọ. Abẹ́rẹ́ ń jókòó ti rédíò nílé.

"Ọkùnrin inú rédíò yẹn," á ní, "orúkọ ló ń kà, kò mọ ibi. Lágbájá sí làkáṣègbè, làkáṣègbè sí lágbájá, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Níbo ni bọ́ọ̀lù wà? Kò wí. Àgbá, ẹ gbé bọ́ọ̀lù wá sílé fún mi jàre. Mo ti ń gbàgbé bí pápá ṣe rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Jésì lákínyẹmí ara. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ pèpàdé lórí pápá tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ lójú, òun ló kọ́kọ́ dé, òun ló sì pàtẹ́wọ́ jù. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí táì rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ, lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri. Pápá wà láàárín, ó tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ya igi yí i ká, wọ́n ya àwọn ènìyàn kéékèèké tí kò lójú tí kò nímú. Apá òsì àwòrán náà ni wọ́n kùn ní pupa: ibùjókòó tuntun, alájà méjì, pẹ̀lú òrùlé. Wọn ò ya ilé kankan sí ibì kankan, igi nìkan.

"Apá òsì la máa fẹ̀," ni akọ̀wé wí.

Àwọn ẹlẹ́yìn-àwọ̀n mi orí. Òsì kẹ̀? Ọ̀dọ̀ oníbíríkì nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ? Òfin ní kí àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé béèrè pé ta ló lè gbé ìwé náà kiri. Apá Ìyá Jésì ti wà lókè kó tó sọ ọ́ tán, ó ga bí òpó àsíá.

Kò lò ju ọ̀sán kan lọ. Ó ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ fún wọn pé eruku díẹ̀ ni, ariwo díẹ̀ ni, lápá ọ̀hún lọ́hùn-ún. Káfíńtà ilé ìkejì ò tiẹ̀ kà á. Ó ní ẹni tó lè mọ ìbọ̀sẹ̀ ènìyàn nínú òkùnkùn, kí ló kù tí kò mọ̀?

Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò kánjú. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, ó káwọ́ lé orókún.

"Sọ àwòrán yẹn fún mi. Má fo nǹkan kan."

Ìyá Jésì sọ ọ́: igi, òrùlé, àwọn ènìyàn aláìlójú.

"Àwọn yẹn bá mi tan," Abẹ́rẹ́ ní. "Apá wo ni wọ́n fi pupa sí?"

"Òsì."

"Òsì, lọ́dọ̀ oníbíríkì."

"Lọ́dọ̀ oníbíríkì."

"O rí i dáadáa?"

"Abẹ́rẹ́! Ojú mi méjèèjì yìí!"

Abẹ́rẹ́ na àtàǹpàkò rẹ̀. Ìyá Jésì mú un, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu tàdáwà náà kúrò fún un lẹ́yìn náà, ìlà ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ.

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e làwọn awọnlẹ̀ dé. Ìyá Jésì ń fún ìbọ̀sẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ko, ko, ko. Ọkùnrin méjì ń kan èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ lábẹ́ okùn ìsáṣọ rẹ̀ gan-an. Èèkàn mìíràn ti wà lábẹ́ fèrèsé Abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ṣìnà," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òsì ni wọ́n rán yín."

"Òsì lèyí, Màmá."

"Ọ̀tún lèyí! Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ̀tún ti wà níbí, kò kúrò rí."

Ọ̀kan nínú wọn ṣí ìwé àwòrán fún un, ó fi èékánná hàn án. "Ẹnu géètì nìyí, nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láti géètì, tó kọjú sí pápá, òsì rẹ̀ rèé."

Géètì ńlá wà ní òdìkejì, lẹ́yìn àwọ̀n kejì. Ìyá Jésì ò gba ibẹ̀ wọlé rí. Ihò kan wà lára ògiri tó kan ilé rẹ̀ tí ó ń gbà. Lọ́jọ́ náà ó sáré yí pápá po pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́ṣẹ, ọmú ń lu ikùn, ó ń mí bí ẹ̀rọ alùpùpù tó fẹ́ kú. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó kọjú sí pápá. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wá tẹ̀ lé ìka náà pẹ̀lú ojú. Ìka náà ń tọ́ka sí òrùlé ilé Abẹ́rẹ́.

Ó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó tún nà án lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé òpópónà lè ti ṣí kúrò.

Ó lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé ò ṣe ọ̀yájú sí i. Ó ní àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ sí ìwé lè wá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó ní òun ti yọwọ́. Bí ilé mẹ́fà nínú mọ́kànlá bá yọwọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn, wọ́n á tún àwòrán yà. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Kó lọ sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ó ń lọ sílé láti sọ ọ́. Ẹ má ṣèèṣì rò pé kò ní í lọ́kàn. Ó dé ẹnu ọ̀nà Abẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Àgbá, ìwọ nìyẹn?" Abẹ́rẹ́ pè láti ìdí ẹ̀rọ. "Kí ni wọ́n ń kàn lábẹ́ fèrèsé mi láti àárọ̀? Orí mi ti fẹ́ fọ́."

Ìyá Jésì wò ó. Ó rí àtàǹpàkò yẹn, tàdáwà díẹ̀ ṣì wà ní etí èékánná rẹ̀.

"Àwọn oníwáyà iná ni," ó ní.

Gbólóhùn kan péré ni. Àmọ́ irọ́ dà bí oyún, bó ti wù kí a fún ikùn tó, ńṣe ló ń dàgbà. Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó lè sọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún, ó ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oníwáyà iná. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní láti sọ ìdí tí òun ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó wá gba ọ̀nà mìíràn. Ó lọ bá alága ẹgbẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú mọ́tò rẹ̀. Alága ní, "Ìyá Jésì, ẹ dìde, a máa wò ó." Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. "A máa wò ó." Ó rọ̀ mọ́ gbólóhùn yẹn bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe ń rọ̀ mọ́ koríko. Bí alága bá wò ó, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́ ohunkóhun. Abẹ́rẹ́ ò ní mọ̀ láé pé ojú tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ti ṣìnà. Nítorí láti bá ilé mẹ́fà sọ ọ́, ó ní láti kọ́kọ́ bá ilé kan sọ ọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí mọ́kànlélógún pé, ó múra bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Ó wọ bàtà. Ó wọlé Abẹ́rẹ́.

"Ó dáa bó o ṣe wá," Abẹ́rẹ́ ní. Ó ti gbé téèpù ìwọ̀n sọ́rùn. "Dìde dúró, kó o kẹ̀yìn sí mi."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n?"

"Ìdí rẹ. Wọ́n ní àga ibùjókòó tuntun á le bí òkúta, mo ń rán tìmùtìmù fún wa. Tèmi ti tán. Tìrẹ ló fẹ́ jẹ aṣọ tán lọ́wọ́ mi." Ó fi téèpù yí i ká, ó ń fi ìka ka kókó tó ta sára rẹ̀. "Dúró jẹ́ẹ́, òkè! Méjì... mẹ́ta... Àgbá, téèpù ti tán, ìdí ò tíì tán!"

Ìyá Jésì rẹ́rìn-ín. Kò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Ẹ̀rín ń bọ́, omi ojú náà ń bọ́, ó sì dúpẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló ń dún.

"Nígbà tí wọ́n bá ṣí i," Abẹ́rẹ́ ní, ó ṣì gbá a mú láti ẹ̀yìn, "kó o kọ́kọ́ yí mi ká gbogbo rẹ̀. Kó o sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti òkè dé ilẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Ìyá Jésì ní òun ti gbọ́. Ó lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé.

Lẹ́tà dé ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́jọ́ kan náà. Kí oṣù méjì tó pé, kí oníkálukú ti kó jáde; ẹgbẹ́ á fún wọn ní ilé mìíràn lẹ́yìn odi ìlú. Kò tó wákàtí kan tí gbogbo òpópónà fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Jésì.

"Eruku díẹ̀, àbí?" Káfíńtà ń pariwo. "Lápá ọ̀hún lọ́hùn-ún, àbí? O tà wá! Obìnrin yìí tà wá!"

"Òsì ni wọ́n wí," Ìyá Jésì ń tẹnu mọ́ ọn, "òsì ni wọ́n wí, ẹ̀yin ará ilé mi."

Wọn ò gbọ́. Ẹnì kan ti ja okùn ìsáṣọ rẹ̀, jésì méjìlá wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Abẹ́rẹ́ ló jáde wá, ó gba àárín wọn kọjá bí òwú ṣe ń gba inú aṣọ, ó dúró níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ta ni kì í pe ọ̀dọ̀ oníbíríkì ní òsì nínú yín? Káfíńtà, ìwọ ńkọ́? Bí wọ́n bá fi àwòrán yẹn hàn ọ́, kí lò bá sọ? O ní ojú, o ò kà á. Ó lọ, ó wò ó, ó sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kó kọ́kọ́ bá èmi jà. Kí ó sì fi ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé kó tó wá, torí màá lù ú níbi tí mi ò rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú ká. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá jésì nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń kó wọn lé apá. Ìyá Jésì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó lù ú ni, ì bá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù méjì náà lọ bí omi. Abẹ́rẹ́ ò lè dá gbé ní ilé mìíràn, ó dájú, ibi tí kò mọ ògiri mọ ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú mìíràn ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ni, lókè kẹrin. Ìyàwó ọmọ á máa lọ síbi iṣẹ́, ọmọ á máa lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò ní àyè. "Wọ́n ní kí n máa sinmi," Abẹ́rẹ́ ní. "Ọmọ náà dáa. Kò mọ̀ pé òkú ló ń sinmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, àwọn méjèèjì jókòó sínú yàrá tó ti ṣófo, Abẹ́rẹ́ lórí àpótí kan, Ìyá Jésì lórí méjì. Ohùn ń dún padà lára ògiri. Ọmọ ń kó ẹrù lọ sínú mọ́tò. Abẹ́rẹ́ wá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀.

"O ò jẹun mọ́," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ti fúyẹ́. Àgbá, mi ò fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ yìí pa ara rẹ. Afọ́jú ló rán afọ́jú níṣẹ́, kí la retí? O ò mọ̀. Èmi tí mi ò bínú sí ọ, kí ló wá kù?"

Ìyá Jésì lè dákẹ́. Mọ́tò ti wà níta, ìdáríjì ti wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀dá kankan láyé tó máa sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́. Kó sáà panu dé, kó dì mọ́ ọn, kó sunkún, kó lọ sílé. Àmọ́ ọwọ́ Abẹ́rẹ́ gbóná lórí ọwọ́ rẹ̀, kò sì lè gba ìdáríjì náà bí ohun tí ó jí.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ń kan nǹkan lábẹ́ fèrèsé rẹ. Kì í ṣe oníwáyà iná. Èèkàn ni wọ́n ń kàn. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

Abẹ́rẹ́ ò mira. "Wọ́n ní àkókò kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ lè yọwọ́. Káfíńtà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti kọjá kí lẹ́tà tó dé."

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni."

"Nígbà tí wọ́n ń kan èèkàn, mélòó ló kù nínú rẹ̀?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ọjọ́ tí mo wọn ìdí rẹ ńkọ́?"

"Ó ku ọjọ́ kan."

Abẹ́rẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀. Kò já a gbà, kò jù ú nù. Ó kàn gbé ti Ìyá Jésì padà sórí itan Ìyá Jésì, ó fi í síbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá ohun tó yá padà.

"Góòlù ọjọ́ òjò yẹn," ó ní. "Èyí tó o ní Ẹlẹ́sẹ̀-Wíwọ́ fi orí gbá, tó o ní o ò lè gbàgbé láyé rẹ. Ṣé orí ló fi gbá a?"

"Orí ni, Abẹ́rẹ́."

"Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi, o ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi láti iwájú."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ìyá mi tó kú búra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ."

"Hùn," Abẹ́rẹ́ ní. "Ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ohun tí mo rí, ẹnu rẹ ni mo ti rí i. Mi ò mọ èyí tí màá kó dání nínú rẹ̀ báyìí."

"Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ẹyọ kan yẹn nìkan ni..."

"Ìwọ lo mọ̀."

Ó dìde. Ó mú àpò kékeré rẹ̀, ó jáde, kò fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn, kò nílò rẹ̀. Ó yà sí ọ̀nà igun òpópónà níbi tí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò sí, ó ń rìn ṣánṣán bó ṣe máa ń rìn. Ìyá Jésì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó jìnnà sí i díẹ̀. Láàárọ̀ yẹn làwọn òṣìṣẹ́ ti gbẹ́ kòtò kan dábùú ọ̀nà níwájú ilé ìkẹsàn-án, torí páìpù omi tí wọ́n fẹ́ hú. Ó jìn tó àyà ènìyàn. Pákó kan ni wọ́n gbé lé e fún ẹni tó bá ń kọjá, òun sì ni ọmọ náà ń gbà lọ, gbà bọ̀. Kò ronú kan ìyá rẹ̀, torí ó mọ̀ pé wọ́n á jọ máa bọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dúró!" Ìyá Jésì kígbe. "Abẹ́rẹ́, dúró! Kòtò wà níwájú rẹ!"

Abẹ́rẹ́ dúró. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ sí etí kòtò náà, amọ̀ díẹ̀ já bọ́ sínú rẹ̀.

"Pákó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Ìṣísẹ̀ méjì péré, kó o tó gùn ún. Ọ̀tún!"

Abẹ́rẹ́ ò lọ. Kò sì padà sẹ́yìn. Ó kàn dúró, ó kọjú síwájú, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ọ̀tún tìrẹ ni mo wí, Abẹ́rẹ́! Ọ̀tún tìrẹ!"

Àwọn òṣìṣẹ́ ti sinmi ṣọ́bìrì, wọ́n ń wo obìnrin méjì. Ìyá Jésì fẹ́ sáré lọ dì í mú, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pé bí Abẹ́rẹ́ bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ó dúró síbi tó wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ dúró ní òpópónà tó ti rìn fún ogójì ọdún, tí kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́, títí ọmọ rẹ̀ fi yọ lára mọ́tò, tó rí i, tó ju àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì sáré gba orí pákó wá. Ó di apá ìyá rẹ̀ mú. Ìṣísẹ̀ méjì sí ọ̀tún, pákó wà níbẹ̀.

Wọ́n kọjá. Ilẹ̀kùn mọ́tò dún lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mọ́tò ṣe gbéra, Ìyá Jésì gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú, ó ń jù ú, apá ńlá yẹn, títí wọ́n fi yà ní igun. Ìgbà náà ló rántí pé òun lòun máa ń sọ fún Abẹ́rẹ́ bí ẹnì kan bá ń juwọ́ sí i.